"Kí Ni Kí N Máa Fi Pamọ́ Fún?"

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé wa àtijọ́ bá ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọgbọ̀n ọdún

   

Nígbà tí alága kọ̀wé sí mi, ohun tí wọ́n ní kí n wá ṣe ni pé kí n bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ lórí ìfowópamọ́. Mo dúpẹ́ pé wọ́n rántí mi. Ṣùgbọ́n ẹ forí jì mí, àwọn ọ̀dọ́ kọ́ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí. Àwa ìyá wọn ni. Àwọn ọmọ lè jókòó kí wọ́n máa gbọ́. Tí ọ̀rọ̀ ìyá wọn bá pa wọ́n lẹ́rìn-ín, kí wọ́n rọra rín in.

Ẹ mọ̀ pé ìrẹsì àti ẹ̀wà ni mo ń tà. Alábàárù kan wà tó máa ń bá wa já ẹrù nínú ọkọ̀. Ọmọ dáadáa ni, ó lọ sí Poli, ó gba ìwé ẹ̀rí OND, owó ló dá a dúró. Lọ́jọ́ kan mo san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un, mo wá ní, "Má ná gbogbo ẹ̀ tán o. Fi díẹ̀ pamọ́." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mọ́mì, kí ni kí n máa fi pamọ́ fún? Tí mo bá fi owó yìí pamọ́ di ọdún tó ń bọ̀, ṣé ó máa ra ohun tó lè rà lónìí?"

Mo lanu, mi ò rí nǹkan sọ. Ìrẹsì ni mo ń tà. Èmi gan-an mọ ìdáhùn ìbéèrè yẹn ju òun lọ. Èmi ni mo ń pe iye fún oníbàárà lónìí, tó bá padà wá lọ́sẹ̀ méjì mo ti tún pe iye mìíràn, tí á máa wò mí bí ẹni pé olè ni mí.

Nígbà tí a bá kóra jọ sábẹ́ agboòrùn, ohun tí a máa ń wí ni pé ọmọ ayé òde òní kò ní sùúrù, ọ̀lẹ ni wọ́n, owó òjijì ni wọ́n fẹ́. Èmi náà ti sọ ọ́ rí. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fojú ọmọ wo ohun tí ọmọ rí. Ẹ mú ọmọ tó wọ yunifásítì lọ́dún 2021. Lọ́dún 2022, àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù Kejì títí wọ oṣù Kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ gbáko, ọmọ wà nílé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ìjọba pààrọ̀ owó bébà, a sì ń fi owó ra owó. Ẹ ò tíì gbàgbé, àbí? A ní owó ní báńkì, a ò rí i fi jẹun, tòmátì jẹrà sí wa lọ́wọ́ torí oníbàárà kò rí owó mú wá. Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn kan náà, wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, lítà bẹntiróòlù kúrò ní nǹkan bíi ₦190, ó di ohun tó ju ₦480 lọ. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tú náírà sílẹ̀. Dọ́là tó wà ní nǹkan bíi ₦460 ní báńkì ti ju ₦1,500 lọ nígbà tó fi máa di oṣù Kejì ọdún 2024.

Àjọ ìjọba tó ń ka iye ọjà sọ pé ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ohun tí èèyàn ń fi ₦100 rà ní ọdún kan ṣáájú ti di nǹkan bíi ₦135. Lẹ́yìn náà, lọ́dún 2025, wọ́n tún ọ̀nà ìṣirò wọn ṣe, iye tí wọ́n ń kéde sì wálẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sọ́jà lójoojúmọ́ lẹ mọ bó ṣe rí lọ́wọ́ yín. Báńkì ńkọ́? Èlé tí wọ́n ń san lórí owó ìfipamọ́ lọ́dún 2024 kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta iye tí ọjà fi gun òkè. Owó náà kò sọ nù o. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2024, bí báńkì bá tiẹ̀ kógbá sílé, àjọ NDIC á san tó mílíọ̀nù márùn-ún náírà fún ẹni tó ní owó níbẹ̀. Owó rẹ wà níbẹ̀ digbí. Ó kàn ń rù ni, bí ewúrẹ́ tí a so mọ́lẹ̀ láìfún un lóúnjẹ.

Nítorí náà, ọmọ tó ní ìfowópamọ́ kò wúlò kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ó ṣe ìṣirò ni. Ẹ̀kọ́ méjì ló wá rí fà yọ nínú ìṣirò náà. Àkọ́kọ́, pé náírà tó bá jókòó sójú kan á rù. Òótọ́ nìyẹn. Èkejì, pé nígbà tó jẹ́ pé bó ṣe rí nìyí, kí n kúkú jẹ ẹ́ tán lónìí, tàbí kí n jù ú sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ní òun á sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Àárín ẹ̀kọ́ kìíní àti ìkejì yẹn sì ni olè dúró sí.

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ ohun kan tí mi ò sọ rí.

Lọ́dún 2022, nígbà tí mo ṣì jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ yìí, mo yá ₦600,000 lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ọjà ni mo fẹ́ fi rà. Òótọ́ ni nígbà tí mo kọ ọ́. Ọmọkùnrin mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba HND, tó ń retí ìwé ìsìnlú, ló mọ ibi tí mo kó owó náà sí. Ó mú ₦350,000 nínú rẹ̀, ó fi wọ ètò kan lórí fóònù. Mi ò ní dárúkọ ètò náà. Wọ́n ní tó bá fi máa pé ogójì ọjọ́, á ti di ìlọ́po méjì. Ó lérò pé òun á dá tèmi padà kí n tó mọ̀, òun á sì fi èyí tó kù wá nǹkan ṣe. Kò tó oṣù kan tí ojú ewé náà kò ṣí mọ́.

Nígbà tí mo mọ̀, mo pariwo. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́. Mo pè é ní olè, mo pè é ní ọ̀lẹ, mo ní kó káàkiri ilé lọ wo ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń fi òógùn ojú jẹun. Ó dorí kodò, kò fèsì kan. Ní alẹ́, nígbà tí ilé ti dákẹ́, ó wá bá mi ní yàrá, ó rọra béèrè pé, "Mọ́mì, tiyín ńkọ́?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ₦80,000 tèmi wà nínú ètò yẹn kan náà. Ẹnì kan tí a jọ ń ṣèpàdé àdúgbò ló mú mi wọ̀ ọ́, kó tó di pé ọmọ mi gbọ́ nípa rẹ̀ rárá. Ọmọ mi ti rí àlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lórí fóònù mi. Ó mọ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń pariwo, kò sì dójú tì mí lójú àwọn ará àdúgbò.

Oṣù mọ́kànlá ni mo fi san owó ẹgbẹ́, kọ́bọ̀ kan kò kù. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bi mí léèrè ìdí tí mo fi ń fa ẹsẹ̀, mo ní ọjà kò tà. Irọ́ ni mo pa. Àwọn ìyá méjì tó ṣe onídùúró fún mi wà ní ìjókòó níbí. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi. Mi ò sì rò pé èmi nìkan ni. Mo jẹ́ akọ̀wé fún ọdún mọ́kànlá, mo mọ bí ojú ẹni tí ọjà rẹ̀ kò tà ṣe máa ń rí, mo sì mọ bí ojú ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́ ṣe máa ń rí. Lọ́dún méjì tó tẹ̀ lé e, mo rí irú ojú mi yẹn lára àwọn kan tó wá bẹ̀bẹ̀ fún àfikún ọjọ́. A ò bi ara wa. Ìtìjú ni kò jẹ́. Ẹni tó dá ètò náà sílẹ̀ sì fẹ́ràn ìtìjú wa gan-an, torí ẹni tó bá ń tijú kò ní kìlọ̀ fún ẹnì kejì.

Ẹ jẹ́ ká tú ìdí rẹ̀ wò, kó lè yé àwa tí a mọ èsúsú. Tí èèyàn mẹ́wàá bá ń dá ₦5,000, tí ẹnì kan ń kó ₦50,000 lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ó bá fi máa yí po, ohun tí olúkúlùkù dá ló kó. Náírà kan kò lé. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé dá ₦5,000 mẹ́wàá, kí o sì kó ₦100,000, níbo ni ₦50,000 yòókù ti máa wá? Láti ọwọ́ ẹni tuntun tó ń wọlé ni. Àwọn tó kọ́kọ́ wọlé á rí owó gbà lóòótọ́, wọn á ra aṣọ, wọn á jẹ́rìí, ìyẹn ló sì ń tan àwọn tó kù. Ní ọjọ́ tí ẹni tuntun kò bá pọ̀ tó mọ́, ọjọ́ náà ni ilẹ̀kùn máa tì.

Báyìí ni MMM ṣe, tó ní òun á máa fi ₦30 lé ₦100 lóṣooṣù. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, nígbà tí ọdún Kérésì kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n dí àpò gbogbo èèyàn pa. Báyìí náà ni CBEX ṣe ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. Èyí tó ṣe mí ní kàyéfì jù nínú ti CBEX ni pé nígbà tí owó kò jáde mọ́, wọ́n ní kí àwọn tí owó wọn kò tó 1,000 dọ́là san 100 dọ́là sí i, kí àwọn tí tiwọn jù bẹ́ẹ̀ lọ san 200, kí wọ́n tó lè rí owó wọn gbà. Ní Ìbàdàn, àwọn èèyàn ya wọ ọ́fíìsì wọn, wọ́n kó ẹrù ibẹ̀ lọ. Kí ni àga ọ́fíìsì fẹ́ san nínú owó ilé ìwé ọmọ?

Ẹ ṣe ìṣirò yìí pẹ̀lú àwọn ọmọ yín tí ẹ bá délé. Ẹ mú ₦10,000. Kó máa di ìlọ́po méjì lóṣooṣù. Oṣù kìíní ₦20,000, ìkejì ₦40,000, ìkẹta ₦80,000. Ẹ máa kà á lọ. Tó bá fi máa pé ọdún kan, ó ti di ₦40,960,000. Ọjà wo ni wọ́n ń tà? Nínú gbogbo wa tó wà níbí, tó fi dórí ẹni tó ń ta kókéènì, ká má rí i, ta ló jẹ irú èrè yẹn rí? Òfin tuntun ti wà o: láti oṣù Kẹta ọdún 2025, ẹni tó bá dá irú ètò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá, kó sì san ó kéré tán ogún mílíọ̀nù. Àjọ tí wọ́n ń pè ní SEC ní orúkọ àwọn tó gba àṣẹ láti máa gba owó ìdókòwò lọ́wọ́ aráàlú. Ẹ lè béèrè kí ẹ tó sanwó. Ṣùgbọ́n òfin kì í dá owó padà kíákíá.

Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ńkọ́, àti lóònù orí fóònù tó ń fi àtẹ̀jísẹ́ ìtìjú ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn tí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù ọmọ? Ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn. Ọmọ tó fi ₦200 ta tẹ́tẹ́ kò gbà pé òun á jẹ ẹ́. Bi í léèrè, á sọ fún ọ. Ohun tó ń rà ni ìrètí títí di alẹ́ Sátidé. Òun kò rí ibòmíràn tí wọ́n ti ń ta ìrètí ní ₦200.

Kí àwa náà má sì dà bí ẹni mímọ́. Àwọn ọmọ yìí ń wò wá. Wọ́n gbọ́ tí a ní owó ilé ìwé kò sí, wọ́n sì rí aṣọ ẹbí mẹ́ta tí a rà láàárín oṣù méjì, gèlè rẹ̀ lọ́tọ̀, bàtà rẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ ní kí akọ̀wé ṣí ìwé ẹ̀yáwó wa, kí ẹ wo ohun tí a kọ síbi ìdí. Èmi tí mo kọ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ mọ iye ìgbà tí "ọjà" túmọ̀ sí ìsìnkú bàbá àna. (Mi ò ní ká má sìnkú o. Ẹ má lọ sọ pé mo ní ká má sìnkú.) Ọmọ tó bá ń rí èyí kò lè gbà gbọ́ nígbà tí a bá sọ pé kó fi ọjọ́ iwájú sọ́kàn.

Kí wá ni ẹgbẹ́ yìí ní tí ọmọ yẹn kò ní? Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ alábàárù mi.

Ó máa ń háyà bárò tó fi ń kẹ́rù ni. ₦500 lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. ₦3,000 lọ́sẹ̀ nìyẹn, ó lé ní ₦150,000 lọ́dún. Owó háyà tó san lọ́dún tó kọjá ra bárò tuntun, ó sì tún ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n kò lè rí owó bárò ní ẹ̀ẹ̀kan, torí owó tó bá fi pamọ́ díẹ̀díẹ̀, bárò ń wọ́n ju bí owó rẹ̀ ṣe ń pọ̀ lọ. Ọdọọdún ló ń lé e, ọdọọdún ló ń sá fún un. Ẹni tó ni bárò náà kò ṣiṣẹ́ jù ú lọ. Ohun tó kàn fi jù ú lọ ni pé ó ní ₦70,000 lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ìyẹn ni ẹgbẹ́ ń ṣe fún wa láti ọgbọ̀n ọdún. A kì í fi náírà pamọ́ síbí kí náírà lè máa sùn. A ń fi pamọ́ kí ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn lè dé kíákíá. O dá owó fún oṣù mẹ́fà, a yá ọ ní ìlọ́po méjì rẹ̀, ó di àpò ìrẹsì tàbí agolo epo kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọjà gbówó lórí, ó bá ọ nídìí ọjà. Tí ọmọ yìí bá ń dá ₦2,000 lọ́sẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ó ti ní ₦52,000. Ó lè yá ₦104,000. Bárò nìyẹn, pẹ̀lú owó táyà. ₦3,000 háyà tó ń san lọ́sẹ̀ á wá máa san gbèsè ẹgbẹ́. Mo ṣe ìṣirò yìí fún un sórí páálí ìrẹsì. Fún ìgbà àkọ́kọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé wọ́n á gbà mí?"

A ò ní gbà á. Òfin ẹgbẹ́ wa sọ pé ẹni tó bá ní ìsọ̀ nínú ọjà yìí nìkan ló lè wọlé. Mo mọ ìdí tí a fi ṣe é: ẹni tó ní ìsọ̀ kò lè sá lọ lóru. Àwọn tó kọ ọ́ kò ṣàṣìṣe nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n alábàárù yẹn ti wà nínú ọjà yìí fún ọdún mẹ́rin, ó ń dé kí èmi tó dé. Ọmọbìnrin tó ń ṣe POS lẹ́nu géètì, àwọn tó ń ran nǹkan lábẹ́ àtẹ̀gùn, àwọn ọmọ tiwa tí wọ́n ń bá wa tajà láìní orúkọ kankan, gbogbo wọn ń fi owó wọn sí ibi tí wọ́n bá ti gbà wọ́n. Àwọn onílóònù orí fóònù gbà wọ́n ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Nítorí náà, mo ti kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ nínú ọjà yìí fún ọdún kan lè wọlé, bí kò tilẹ̀ ní ìsọ̀, tí ọmọ ẹgbẹ́ méjì bá dúró fún un. Kí ẹ̀yáwó rẹ̀ àkọ́kọ́ má ju ìlọ́po méjì owó rẹ̀ lọ, kó sì jẹ́ pé nǹkan tó fẹ́ rà ni ẹgbẹ́ máa rà fún un, kì í ṣe owó lọ́wọ́. Mo sì fẹ́ kí òfin yìí kan náà mú àwa àgbà: ẹni tó bá kọ "ọjà" sínú fọ́ọ̀mù, kí a lọ wo ọjà náà. Tí irú rẹ̀ bá ti wà lọ́dún 2022, n bá má pa irọ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín kò fara mọ́ ọn. Ìyá wa kan ti sọ fún mi lánàá pé tí a bá ṣílẹ̀kùn fún wọn, wọ́n á sá gbówó lọ. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan sá. Ní ọgbọ̀n ọdún, onísọ̀ náà ti sá rí, ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ náà máa wà níwájú ìgbìmọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀. Alábàárù tí mò ń sọ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, òun ló to àwọn àga tí a jókòó lé yìí. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Onídùúró méjì ló nílò. Mo ti fọwọ́ sí ọ̀kan, àyè kejì ṣì ṣófo.